Fíríìjì Tó Ń Hu Ẹ̀fọ́

Ọdún kẹta rèé tí fíríìjì wa ti dákẹ́.
Ọkùnrin tó ń tún un ṣe ní Ṣómólú tú u palẹ̀, ó mi orí,
ó ní ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀, kí n tà á fún oní-àlòkù-irin.
N ò tà á.
Mo dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga,
mo yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni yọ eyín,
mo da yẹ̀pẹ̀ sí i, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin,
àti ìgbẹ́ adìẹ tí Ìyá Gbọ́lágadé fún mi lọ́fẹ̀ẹ́,
bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni kéèyàn gbóòórùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ilé ẹ̀kọ́ ti padé. Tíṣà ni mí, èmi náà gba ọlidé,
ṣùgbọ́n ikùn ọmọdé kì í gba ọlidé.
Aago mẹ́wàá: “Mọ́mì, kí la fẹ́ jẹ?”
Aago mọ́kànlá: “Mọ́mì, kí la tún fẹ́ jẹ?”
Òjò Oṣù Keje ń lu páànù.
Jọláolú gbọn òfìfo páálí kọ́nfíléèkì,
ó fi ojú kan wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ihò òkété.
Mo ní, “Ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.”
Ó kà á. Àgbàdo ni.
Àgbàdo tó wọ ọkọ̀ òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa,
nígbà tí àgbàdo Ìkòròdú ń kọjá lójúde
lórí ọmọ kan tó ń kiri,
tó ṣì gbóná, tí irun rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Rẹ̀mílẹ́kún pè láti ìlú òyìnbó.
Ó ní oòrùn ti dé o, gbogbo àwọn wà nílé,
àwọn ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé.
Mo na fóònù sójú fèrèsé kó rí tiwa:
àgbàrá, àti bàtà kan
tó ń dá lọ sí Bárígà láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Ló bá dákẹ́.
“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbúre nìyẹn?”
Ohùn rẹ̀ ti kéré.
“Pọ́n-ùn mẹ́ta ni wọ́n ń ta ìdì kan níbí,
á sì ti rọ kó tó délé.”

Ẹnìkan ń jẹ ẹ̀fọ́ mi lóru.
Ewé lu jára bí asẹ́.
Jọláolú dájọ́: ewúrẹ́ Bàbá Atẹ̀wé ni.
Ìbídàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní rárá,
ewúrẹ́ kì í fi itọ́ kọ̀wé.
Lóòótọ́, ìlà kan ń dán lára irin náà.
A tan tọ́ọ̀ṣì, a tẹ̀ lé ìwé náà títí:
ìgbín márùn-ún,
nínú àpótí tí ẹja oníyìnyín ń gbé nígbà kan,
wọ́n sùn bí ẹni tó san owó ilé.

Wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ wa, àwa náà jẹ wọ́n,
pẹ̀lú gbúre tí wọ́n ṣẹ́ kù fún wa,
ata rodo méjì, epo, iyọ̀,
àti ìrẹsì Ọ̀fadà tí mo ṣa òkúta rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí.
Síbẹ̀, eyín Jọláolú kan òkúta.
Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò.
“Mọ́mì, ṣé ilẹ̀ wa náà ló hu èyí?”

N ò ní purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kejì, núdùù ni mo sè.
Fíríìjì kan ò lè bọ́ ilé.

Iná dé lálẹ́ ọjọ́ náà.
Fíríìjì àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan,
láti yàrá dé yàrá.
Tiwa ò sọ nǹkan kan.
Òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀.